Ó Gba Márùn-ún Nínú Márùn-ún, Kò sì Mọ Ohun Tó Kà

Ọmọkùnrin kan ní JSS 2 ló là mí lójú. Àyọkà tí a kà lọ́sẹ̀ náà dá lórí obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Ìbéèrè márùn-ún ló tẹ̀lé e. Ọmọ náà dáhùn márààrún, gbólóhùn rẹ̀ gún, kò fo àmì kankan lórí lẹ́tà, mo sì kọ « Très bien », ìyẹn "ó dára gan-an", sí i lábẹ́. Nígbà tí mo ń dá ìwé padà fún wọn, mo ṣàdédé bi í ní Yorùbá pé, "Obìnrin inú ìwé yìí, ṣé ó rí ẹja rẹ̀ tà tán?" Ó wò mí. Ó wo ìwé rẹ̀. Ó ní, "Madame, ṣé ẹja ló ń tà ni?"

Mo ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ èdè Faransé nígbà náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí Mọ́kọ́lá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Ọmọ náà kò jí ìwé ẹnikẹ́ni wò, kò sì ya ọ̀lẹ. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìbéèrè, ó wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹyọ nínú àyọkà, ó sì da ìlà náà kọ. Èmi ni mo fún un ní iṣẹ́ tó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ gbólóhùn kan sórí bébà, mo sì gbé e fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní yàrá olùkọ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbé e yẹ̀ wò: "Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, afọ̀ǹgbà kan dẹ̀ńgbá pátúlù sínú ọ̀kẹrẹ̀jà." Ìbéèrè kìíní: Ta ló dẹ̀ńgbá pátúlù? Ìkejì: Inú kí ni ó dẹ̀ńgbá a sí? Ìkẹta: Ọjọ́ wo ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀? Kò sí ẹni tí kò gba mẹ́ta nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fi ẹnu ara mi hun àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, wọn kò ní ìtumọ̀ kankan. Olùkọ́ ìṣirò tó jókòó tì mí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ní, "Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà ní Faransé nìyẹn o."

Láti ìgbà náà ni mo ti di ohun kan mú. Iṣẹ́ tí mo bá máa fún ọmọ lẹ́yìn tó bá ka àyọkà tán gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní lè ṣe láìpadà sínú àyọkà náà, tí kò sì ní lè dà kọ. Ó gbọ́dọ̀ nídìí tó fi ń padà lọ kà á. Bí ìdí yẹn kò bá sí, ojú lásán ló ń kàwé.

Kì í ṣe ohun àjèjì fún wa. Ìyá ìyá mi ní Bẹẹrẹ kò kàwé rárá, ṣùgbọ́n tó bá pàlọ́ fún wa lálẹ́ òní, ní alẹ́ ọ̀la yóò ní kí ọ̀kan nínú wa tún un pa. Ẹni tó bá ń pa á kò ní lọ jìnnà kí àwọn yòókù tó ké mọ́ ọn pé, "Irọ́ ni! Ìjàpá kò tíì dé ọ̀dọ̀ babaláwo nígbà yẹn!" Màmá kò ní dá sí i. Yóò jẹ́ ká jà á títí ìtàn náà yóò fi tò. N kò rántí ọjọ́ kan tó béèrè pé, "Ta ni Ìjàpá? Níbo ni Ìjàpá lọ?" Síbẹ̀, mo ṣì lè pa àwọn àlọ́ yẹn lónìí láìṣi orin kan gbé. Mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tán, mo wá gbàgbé ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré.

Àwọn òbí kan máa ń bi mí pé kí ni ọmọ Ìbàdàn fẹ́ fi Faransé ṣe. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀: Benin, Niger, Chad àti Cameroon. Kò sí èyí tí ẹ máa dé tí ẹ kò ní bá Faransé pàdé. Ní ọdún 1996 ni ìjọba Abacha kéde pé òun fẹ́ kí ó di èdè ìjọba kejì fún wa. Ẹ wo bí a ṣe jìnnà sí ibẹ̀ tó. Èmi fúnra mi lọ sí Abúlé Èdè Faransé tó wà ní Àjárá, Badagry, nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ibẹ̀ la ti máa ń sọdá sí Àjàṣẹ́, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Porto-Novo, tí ọlọ́kadà kan yóò kí wa ní "Ẹ káàárọ̀" tó dán mọ́rán, tí yóò sì fi Faransé dúnàádúrà owó sẹ́fà pẹ̀lú ẹni tó tẹ̀lé wa. Àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ ìyá wa ni wọ́n. Ìdí tí mo fi ń fi ọjà Kútọnu àti ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kọ àyọkà fún àwọn ọmọ mi nìyẹn, dípò ọ̀gbẹ́ni kan tó ń lọ ra búrẹ́dì ní Paris lásìkò yìnyín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ dán wò ni pípín ìtàn sí wẹ́wẹ́. Mo mú ìtàn obìnrin ẹlẹ́ja yẹn, tí mo sọ orúkọ rẹ̀ ní Awa, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ìlà méjìlá, mo ṣe fọ́tòkọ́pì mẹ́tàdínlógún, nítorí ọmọ 68 ló wà ní kíláàsì náà, mo sì fẹ́ kí mẹ́rin-mẹ́rin jókòó papọ̀. Alẹ́ Sunday ni mo fi àlùmọ́gàjí gé e ní ìlà-ìlà, tí mo kó ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá búrẹ́dì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n to ìlà náà padà kí ìtàn lè gún.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹgbẹ́ kan ti parí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pe pírínsípà wá wò ó. Mo wá sún mọ́ ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo wo ọwọ́ wọn. Wọn kò ka nǹkan kan. Ibi tí àlùmọ́gàjí mi ti wọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń fi etí bébà kan bá etí bébà kejì mu, bí ẹni ń to igbá tó fọ́. Àwọn ọmọ yìí gbọ́n, wọ́n rí ọ̀nà tó yá jù, wọ́n sì gbà á. Mo lọ sílé, mo da àwọn ìlà náà rú lórí kọ̀ǹpútà kí n tó tún wọn tẹ̀, tó fi jẹ́ pé èyí tó wà lábẹ́ ara wọn lórí bébà kò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìtàn. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá fi etí bébà tò ó, obìnrin rẹ̀ yóò ta ẹja kí ó tó jí láàárọ̀.

Ìgbà tí ọ̀nà yẹn dí ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo dúró ti ẹgbẹ́ kan tó há sórí ìlà kan: « Elle dit que c'est trop cher. » Ó ní ó ti wọ́n jù. Ta ló ní ó wọ́n jù? Ọmọbìnrin kan ní Awa ni. Ìkejì rẹ̀ ní, "Báwo ni ẹni tó ń ta ọjà ṣe máa sọ pé ọjà òun wọ́n? O ti rí i níbi kankan ní Gbági rí?" Wọ́n gbé ìlà náà kúrò ní ibi tó wà, wọ́n fi sábẹ́ ibi tí oníbàárà ti béèrè iye ẹja. Kò sí ohun tó wà nínú ìwé gírámà mi tó lè kọ́ wọn ní "elle" tó bẹ́ẹ̀. "Ó" tiwa náà kì í sọ ẹni tó ń tọ́ka sí, akọ ni o, abo ni o. Orí ìtàn la fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ náà ti ní ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́ láti ilé, iṣẹ́ mi kò ju kí n jẹ́ kí wọ́n lò ó.

Ìlà méjì mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i: « Il pleure » àti « Il pleut ». Èkíní ni ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún, èkejì ni òjò tó ń rọ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló fi òjò sí ibi ẹkún. Kò sí ìbéèrè ta-ni-níbo tó lè fi ìyẹn hàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti "tu", ìyẹn "ìwọ", àti "vous", ìyẹn "ẹ̀yin", torí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà jù.

Ìwé tí a fi kọ́ wa nígbà tiwa máa ń gba inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ìwọ àti ẹ̀yin, nítorí náà olùkọ́ yóò laagùn, yóò ní ọ̀kan wà fún ẹnì kan, èkejì wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì tún wà fún ọ̀wọ̀, ọmọ yóò sì há a sórí bí ẹni ń há táímùtébù. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá pe bàbá rẹ̀ ní "o" yóò gbọ́ "ẹ" lẹ́nu gbogbo ẹni tó wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo fún wọn ní àyọkà kan nípa ọmọ kan tó lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Faransé. Iṣẹ́ ẹ̀yìn àyọkà ni pé kí wọ́n kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ìyá àgbà náà bíi pé àwọn ni ọmọ yẹn. Mo kó lẹ́tà náà jọ, "vous" ló kún inú gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n padà sínú àyọkà, kí wọ́n wo bí ọmọ náà ṣe bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ: « Mamie, tu as bien dormi ? » Ọmọ náà pe ìyá àgbà ní "tu"!

"Madame, ọmọ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́!"

"Wọn kò kọ́ ọ nílé ni."

Ọmọkùnrin kan dìde láti ẹ̀yìn, ó ní bóyá àṣìṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Mo ní kí wọ́n wá ibòmíràn nínú àyọkà náà tí ẹnì kan ti pe ẹlòmíràn ní "tu" tàbí "vous", kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, ta ló dàgbà jù. Wọ́n rí i pé ọmọ àti ìyá àgbà ń pe ara wọn ní "tu". Wọ́n rí i pé ìyá àgbà, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀, pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta èso ní "vous". Ìyẹn tún bí wọn nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá àgbà kan, kí ó máa pe ẹni tó kéré sí i ní "ẹ"?

Ogún ìṣẹ́jú ni a fi jà á. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní, "Madame, ó dà bíi pé àwọn kì í wo ọjọ́ orí. Ṣé wọ́n mọ ara wọn ni àwọn ń wò." Mo ní kó tún un sọ kí gbogbo kíláàsì gbọ́. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ tó yé ọmọ Ìbàdàn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún lẹ́tà náà kọ. Àwọn mẹ́ta kọ̀, wọ́n ní àwọn kò lè kọ "tu" sí ìyá àgbà, ì báà jẹ́ ti òyìnbó. Mo gbà fún wọn. Mo ní kí wọ́n kọ gbólóhùn méjì ní Faransé sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà láti sọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́.

Yíya àwòrán náà ti ràn mí lọ́wọ́ jù bí mo ṣe rò. N kì í sọ pé kí wọ́n ya ohun tó wù wọ́n. Mo máa ń ní kí wọ́n ya ìpínrọ̀ kan pàtó, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ̀rọ̀ Faransé sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yà. Nínú àyọkà kan, Awa ra « des avocats » sínú apẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan tó ní ìwé atúmọ̀ èdè, tó sì fi ọkàn sí iṣẹ́ rẹ̀, ya obìnrin kan tó ru apẹ̀rẹ̀, ó ya agbẹjọ́rò méjì sínú apẹ̀rẹ̀ náà pẹ̀lú irun funfun tí wọ́n ń dé ní kóòtù. Ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Faransé ń pe agbẹjọ́rò àti èso tí àwa ń pè ní píà. Mo bi í bóyá agbẹjọ́rò ṣeé rà lọ́jà. Ó ní òun náà rò ó, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé sọ nìyẹn. Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ọmọ náà ti gbà pé Faransé kò ní láti bá ọgbọ́n orí mu, pé kí òun ṣáà ti kọ ohun tí ìwé bá sọ. Ìṣòro ọmọkùnrin máàkì márùn-ún yẹn náà ni, ẹ̀yìn agbẹjọ́rò ló fara pa mọ́ sí. A jókòó papọ̀, a wo ojú ewé ìwé atúmọ̀ èdè náà dé ìsàlẹ̀, ó sì rí píà níbẹ̀.

Fún kíláàsì tó pọ̀ bíi tiwa, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Austin ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1971, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti funfun pọ̀ sí kíláàsì kan náà, tí ìjà kò sì tán láàárín wọn. Ohun tó ṣe ni pé ó pín ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà mélòó kan, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ní apá kan tí ẹlòmíràn kò ní, tó fi di dandan pé kí wọ́n gbọ́ ti ara wọn kí iṣẹ́ tó lè pé. Ní tiwa, kì í ṣe àwọ̀ ara ló pín wa. Àwọn ọmọ tó ti ṣe Faransé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni wà lápá kan, àwọn tí kò gbọ́ « bonjour » rí kí wọ́n tó dé JSS 1 wà lápá kejì. Àwọn ti àkọ́kọ́ ló máa ń dáhùn gbogbo ìbéèrè, àwọn yòókù á sì kó sí wọn lẹ́yìn.

Mo pín àyọkà sí mẹ́rin. Àwọn tó gba ìpínrọ̀ kan náà kọ́kọ́ jókòó papọ̀, wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́ títí ìpínrọ̀ náà fi yé wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ká, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ bá àwọn mẹ́ta tó ní ìpínrọ̀ yòókù. Ọmọ kan tó máa ń fi orí sábẹ́ tábìlì nígbàkigbà tí mo bá ń wá ẹni tó máa dáhùn ló ní ìpínrọ̀ kẹta lọ́wọ́, níbi tí wọ́n ti sọ ìdí tí ọkọ̀ kò fi lè kọjá Sẹ̀mẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù, tí wọ́n mọ Faransé jù ú lọ, ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, sọ fún wa, kí ló dé tí wọ́n dá wọn padà?" Ó fi ọwọ́ sórí ìlà, ó ń ka Faransé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dúró dè é.

Àṣìṣe mi níbẹ̀ ni pé mo fún ọmọ kan ṣoṣo ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́. Ìbàdàn ni a wà. Tí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta kíláàsì kò ní tètè dé, ìtàn á sì ní ihò láàárín. Méjì-méjì ni mo ń fún wọn báyìí.

Sísọ ìtàn padà lẹ́nu náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tí ọmọ kan á dúró níwájú tí 67 á máa wò ó. Keith Maurice kọ nípa ọ̀nà kan lọ́dún 1983: kí ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti pọ̀ jù fún ọmọ JSS 2, Faransé rẹ̀ á ti tán. Mo sọ ọ́ di ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìṣẹ́jú kan, àti ìdajì ìṣẹ́jú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ó gbọ́ bí ahọ́n wọn ṣe ń tú.

Mo ti jáwọ́ nínú kíka àyọkà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìjókòó kan dé èkejì. Kí ó tó kan àwọn tó wà lẹ́bàá fèrèsé, oorun ti gbé wọn. Tí mo bá fẹ́ kí wọ́n kà á sókè, mo máa ń sọ ọ́ di eré: ẹnì kan Awa, ẹnì kan oníbàárà, ẹnì kan ọmọ tó ń sunkún, kíláàsì tó kù á sì máa gbe orin ọjà, bíi tàlọ́. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń rán wọn létí pé ẹnu wọn ti mọ iṣẹ́ tipẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín é àti è tiwọn, a ní in nínú e àti ẹ. Imú tí wọ́n fi ń pe « bon », a ń fi í pe "ìbọn".

Mo tún gbìyànjú kí n ka ìtàn sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tún un kọ láti inú ohun tí wọ́n bá mú. Ó dára fún àwọn tó ní kíláàsì tó dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé tiwa. Mo fi í sílẹ̀.

Ní tàámù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí, ìyá ọmọ kan wá bá mi. Aṣọ òfì ló ń tà ní Ọ̀jẹ́, ó sì ti ibẹ̀ wá tààrà. Ó ní, "Ẹ káàsán mà, Tíṣà. Ẹ má bínú pé mo wá láìsọ fún yín. Ìwé Faransé ọmọ mi ni mo ṣí, mo rí i pé ó ṣófo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà níbòmíràn ti kọ ìwé kan kún."

Mo ní, "Ẹ kú ìrìn mà, ẹ jókòó." Mo ṣàlàyé títí fún un. Ó gbọ́ mi dáadáa, kò já mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Ó yé mi, Tíṣà. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ kàwé ìdánwò lálẹ́, kí ni yóò ṣí?"

N kò rí èsì fọ̀ fún un, torí òótọ́ ló sọ. Mo ti gbájú mọ́ eré àti bébà wẹ́wẹ́ débi pé kò sí ohun tí ọmọ lè gbé lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti ìwé kíkọ. Wọ́n á kọ ìtàn náà bí wọ́n ṣe tò ó sínú ìwé, pẹ̀lú déètì, wọ́n á sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ ti ran mí lọ́wọ́ ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì tí mo ti lọ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún lo ìtàn Awa fún kíláàsì tuntun. Mo máàkì rẹ̀, mo sì fa ìlà pupa sí gbogbo ẹni tó fi òjò ṣáájú kí ọmọ ọwọ́ tó jí. Nígbà tí a jáde, mo ti na ọwọ́ sí Máíkírà kan tó ń lọ Sàngó, ọmọbìnrin kan sáré tọ̀ mí wá láti ẹnu géètì, bàtà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Madame, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ ní mi ò gba ìlà keje àti ìkẹjọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ló kọ́kọ́ jí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

"Níbo ló ti wà nínú ìtàn, Madame?" Ó mú bébà wẹ́wẹ́ méjì jáde láti inú àpò yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó tẹ́ wọn sórí ìwé rẹ̀ níwájú mi. « Il commence à pleuvoir. » « Le bébé se réveille. » Ó ní, "Páànù ni wọ́n fi bo ìsọ̀ Awa, ó wà ní ìlà kejì. Tí òjò bá rọ̀ sórí páànù, ṣé ọmọ kò ní jí?"

Mo wo ìlà kejì. Mo wo méjèèjì tó wà níwájú mi. Èmi ni mo kọ ìtàn náà, mo sì wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó lè fi hàn pé irọ́ ló pa, n kò rí i.

Awakọ̀ fọn fèrè. Mo ní kó máa lọ. Mo padà wọlé pẹ̀lú ọmọ náà, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, mo kó ìwé wọn jáde nínú báàgì, ó sì ń bá mi ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ibi tí mo fa ìlà pupa sí.